Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti òkè òkun wá gba ọmọ tọ́ nílé: ohun tójú yín máa rí

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ń gbé Houston tàbí London, tẹ́ ẹ wá fẹ́ gba ọmọ kan tọ́ láti Ṣàgámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, òfin ìjọba méjì lẹ fẹ́ tẹ̀ lé o, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ lè jẹ́ ọmọ bíbí Ìpéru, kí wọ́n mọ bàbá yín mọ bàbá bàbá yín, ọmọ orílẹ̀-èdè míì lọmọ yẹn ṣì jẹ́ lójú ìjọba tó fún yín ní pásípọ́ọ̀tù, bí wọ́n ṣe máa tú ìwé ẹni tó gba ọmọ láti India náà ni wọ́n ṣe máa tú tiyín.

Mo ṣiṣẹ́ wẹ́fíà fún ìgbà pípẹ́ ní agbègbè wa yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ṣì ń pè mí lórí WhatsApp títí dòní. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá bébì kan, obìnrin la fẹ́, a máa wálé ní December, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la gbà níbi iṣẹ́, a fẹ́ gbé e dání padà." Ó máa ń ká mi lára, torí mo mọ̀ pé kí tọkọtaya tó gbé fóònù pe èmi, wọ́n á ti náwó sí IVF títí, wọ́n á ti gbààwẹ̀, ìyá ọkọ á ti sọ̀rọ̀ tó wọ ìyàwó lára dé eegun. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ rárá. Ẹ fọkàn sí ọdún kan sí méjì, nígbà míì ó máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òun lè bá yín ṣe é wéré, ọmọ ọlọ́mọ ló fẹ́ tà fún yín.

Ibi tẹ́ ẹ ń gbé lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ilé. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é sódì, wọ́n á ti rí ọmọ, wọ́n á ti fún un lórúkọ, ọkàn wọn á ti fà mọ́ ọn, ìgbà yẹn ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ wá béèrè bóyá ìjọba ibẹ̀ gbà. Àwọn tó wà ní UK, ẹ gbọ́ tiyín ná: láti March 2021 nìjọba ibẹ̀ ti fòfin dí gbígba ọmọ láti Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ọmọ àti ayédèrú ìwé wà lára ohun tó fà á. Àyè wà láti kọ̀wé pé kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ yín lọ́tọ̀ tí ìdí pàtàkì bá wà, ó ṣòro, ṣùgbọ́n ẹ lè bá council yín àti lọ́yà sọ ọ́. Ohun tẹ́ ò gbọ́dọ̀ dán wò ni kẹ́ ẹ gbọmọ wọ ìlú wọn kẹ́ ẹ ní tá a bá débẹ̀ la máa ṣe ìwé, ẹ̀wọ̀n wà nínú ẹ̀.

Ti Amẹ́ríkà ní ọ̀nà tiẹ̀, àmọ́ láti January 2026 nìjọba ibẹ̀ ti dá físà àwọn tó ń lọ gbé ibẹ̀ dúró fún ọmọ Nàìjíríà, títí kan ọmọ tí wọ́n gbà tọ́, torí náà ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ti ṣí kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ṣe ní Hague ní 1993 lórí gbígba ọmọ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíì, Nàìjíríà ò sí nínú ẹ̀, torí náà ọ̀nà ti ọmọ òrukàn lẹ máa gbà. Fọ́ọ̀mù I-600A lẹ máa kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí USCIS, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ Amẹ́ríkà, kí wọ́n fi mọ̀ bóyá ẹ̀yin fúnra yín ṣeé gbọ́mọ lé lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá wá rí ọmọ tí ilé ẹjọ́ nílé sì ti fọwọ́ sí i, ẹ máa fi I-600 ránṣẹ́ lórí ọmọ yẹn gan-an kó tó pé ọdún 16.

Home study, ìyẹn ìwádìí nípa ẹ̀yin àti ilé yín, wà nínú ẹ̀, òun ló máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn wa jù. Láti 2014, àjọ tí wọ́n fún níwèé àṣẹ ló gbọ́dọ̀ bójú tó o. Òṣìṣẹ́ wọn máa wá sílé yín, ó máa wo yàrá tọ́mọ máa sùn, ó máa fọ̀rọ̀ wá ọkọ lẹ́nu wò lọ́tọ̀, ìyàwó lọ́tọ̀, iye tó ń wọlé, àìsàn, bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ̀yin náà dàgbà, bóyá ọlọ́pàá ti mú yín rí. Ẹ sọ òótọ́. Bí wọ́n bá ti mú yín rí, bó ti wù kó pẹ́ tó, bí wọ́n tiẹ̀ ti tú yín sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà, ẹ sọ ọ́, torí fífi tí èèyàn fi í pamọ́ ló ń ba ìwé jẹ́ ju ọ̀rọ̀ náà fúnra ẹ̀ lọ. Wọ́n tún máa béèrè bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ máa bá ọmọ wí. Mo mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa ní Rẹ́mọ, pàṣán wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ilé ọmọ aláìníyàá wá, kò sí nǹkan tí pàṣán máa kọ́ ọ ju ìbẹ̀rù lọ, kì í ṣe torí òyìnbó ni mo ṣe ń sọ ọ́, ojú mi ló ṣe.

Ọmọ ẹbí wá ńkọ́? Èyí pọ̀ láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó bímọ márùn-ún, apá ò ká a, ó ní ẹ mú ìkẹta dání kó lọ kàwé. Nílé wa, ohun tó dáa ni, ta ni kò gbé lọ́dọ̀ ẹbí rí? Àmọ́ ọmọ tí bàbá àti ìyá ẹ̀ wà láàyè tí wọ́n sì jọ ń gbé, Amẹ́ríkà ò ní kà á sí ọmọ òrukàn. Lọ́dọ̀ tiwọn, àfi kí òbí méjèèjì ti kú, tàbí kí wọ́n ti dàwátì, tàbí kí wọ́n ti já ọmọ sílẹ̀, tàbí kó ku òbí kan ṣoṣo tí kò lágbára láti tọ́ ọ, tó sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun yọ̀ǹda ẹ̀ pátápátá. Ọ̀nà míì tó wà fún ọmọ ẹbí ni pé kẹ́ ẹ gbà á tọ́ lábẹ́ òfin kó tó pé 16, kó sì wà níkàáwọ́ yín lábẹ́ òfin fún ọdún méjì, kẹ́ ẹ sì jọ gbé ọdún méjì, ìyẹn ni pé ẹnì kan nínú yín máa wálé wá jókòó. Ẹ má gbà kẹ́nikẹ́ni kọ ọ́ síwèé pé bàbá ti kú nígbà tí bàbá wà nílé tó ń jẹ gàrí. Wọ́n máa wá wádìí ẹ̀.

Ó wá kan òfin tiwa. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003, ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tiẹ̀ ní 2006. Nínú ti ìjọba àpapọ̀, tọkọtaya tó bá fẹ́ gba ọmọ, kálukú wọn gbọ́dọ̀ tó ẹni ọdún 25, kí wọ́n sì fi ọdún 21 ju ọmọ lọ. Ẹni tó ń dá gbé náà lè gbà á tó bá ti tó 35, ṣùgbọ́n obìnrin á gba ọmọbìnrin, ọkùnrin á gba ọmọkùnrin. Ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ẹ gbọ́dọ̀ máa gbé ní ìpínlẹ̀ kan náà pẹ̀lú ọmọ kẹ́ ẹ sì ti gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún, ẹ gbọ́dọ̀ ti sọ fún wẹ́fíà ní oṣù méjìlá ṣáájú kí ilé ẹjọ́ tó fọwọ́ sí i, ọmọ sì gbọ́dọ̀ ti wà lọ́dọ̀ yín fún oṣù mẹ́ta gbáko láìkúrò.

Ọ̀rọ̀ ọdún márùn-ún yìí lọ̀pọ̀ ti máa ń fẹ́ gba ẹ̀bùrú. Wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká lo àdírẹ́sì yín ní Ìkẹ́nnẹ́." Ẹ má ṣe é, ìwé tí wọ́n bá fi irọ́ gbà, wọ́n lè fagi lé e nígbàkúgbà, nígbà yẹn ọmọ á ti mọ̀ yín sí òbí. Ẹ wá lọ́yà tó mọ iṣẹ́ Family Court, kẹ́ ẹ kọ lẹ́tà sí Ministry of Women Affairs and Social Development l'Ábẹ́òkúta, kẹ́ ẹ sọ bó ṣe rí gan-an, ibi tẹ́ ẹ ń gbé, ìgbà tẹ́ ẹ kúrò nílé, kí wọ́n sì fèsì yín lórí ìwé kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan kan. Nínú àwọn tí mo bá ṣe, àwọn tó rọrùn fún jù ni àwọn tí ọ̀kan nínú tọkọtaya ṣì ń gbé nílé lóòótọ́, tó ń ṣiṣẹ́, tí gbogbo àdúgbò mọ̀.

Tí wọ́n bá ti gba lẹ́tà yín, ìyókù kò ṣòro láti lóye, sùúrù ló ń fẹ́. Ìwé ìgbéyàwó, fọ́tò, àyẹ̀wò ara, ìwé ọlọ́pàá, ìwé báńkì, òṣìṣẹ́ wẹ́fíà á wá wo ilé, wọ́n á ní kẹ́ ẹ máa retí, lọ́jọ́ kan wọ́n á pè yín pé ọmọ kan wà. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa lọ ṣa ọmọ bí ẹni ń ṣa tòmátì lọ́jà, wẹ́fíà ló máa fi ọmọ wé òbí. Ẹ lọ wò ó, ẹ tún padà lọ wò ó.

Kò sí owó ọmọ o. Owó lọ́yà wà, owó ilé ẹjọ́ wà, owó àyẹ̀wò wà, gbogbo ẹ̀ ló ní rìsíìtì. Tí mátírọ́ọ̀nù, nọ́ọ̀sì tàbí pásítọ̀ kan bá ti dárúkọ iye tí wọ́n ń gba ọkùnrin àti iye tí wọ́n ń gba obìnrin, ẹ dìde níbẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ, kẹ́ ẹ sì fi tó NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, létí, torí ẹ̀ ni ìjọba ṣe dá wọn sílẹ̀ ní 2003. Èyí tó burú jù nínú gbogbo ẹ̀ lèyí tí wọ́n ń pè ní miracle baby. Wọ́n á ní kí obìnrin wá sí kílíńìkì kan, wọ́n á máa fún un lábẹ́rẹ́ tí ikùn ẹ̀ á fi máa wú, wọ́n á kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe scan níbòmíì, kó má dé ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀ lókè òkun, tí "oṣù ẹ̀ bá pé" wọ́n á fún un lóògùn tó máa gbé e sùn, ìgbà tó bá jí wọ́n á gbé ọmọ lé e láyà. Ọmọ yẹn ní ìyá níbì kan. Ọ̀dọ́mọdébìnrin ni lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n tì í mọ́ yàrá títí tó fi bí, wọ́n sì fún un ní owó díẹ̀ pé kó máa lọ. Nígbà tí ẹ́ḿbásì bá wá ní kí wọ́n ṣe DNA ni obìnrin wa tó máa mọ̀ pé òun ò lóyún rárá. Mo ti jókòó ti ẹnì kan tó gba irú èsì bẹ́ẹ̀, ọmọ wà lẹ́yìn ẹ̀ tó sùn, kò mọ̀ bóyá kó sọ ọ́ kalẹ̀ ni. Ìdí tí mo ṣe ń tẹnu mọ́ ọn nìyẹn. Ẹkún yín ò gbọ́dọ̀ di ẹkún ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn tí Family Court bá ti fọwọ́ sí i, ẹ máa gba ìwé ọjọ́ ìbí lọ́dọ̀ National Population Commission, ẹ máa ṣe NIN, ẹ máa ṣe pásípọ́ọ̀tù, ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé ẹjọ́ àti wẹ́fíà fún ìwé tó gbà yín láyè láti mú ọmọ jáde nílùú. Ẹ má sì tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì. Físà ọmọ tó ń lọ Amẹ́ríkà, ìlú Èkó ni wọ́n ti ń ṣe é, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà níbẹ̀ máa ṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní I-604, wọ́n lè kàn sí tẹ́ṣọ̀n tí wọ́n ti kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sílẹ̀, wọ́n lè kàn sí ilé ọmọ, ilé ẹjọ́, wẹ́fíà, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìbí ẹ̀ gbọ́dọ̀ bára mu lórí gbogbo ìwé, lẹ́tà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ nínú orúkọ lè dá yín dúró, nítorí náà ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé lé yín lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ kà á, kẹ́ ẹ tó kúrò ní káńtà.

Àyẹ̀wò ara ọmọ náà ṣe pàtàkì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo genotype ẹ̀, ìdámẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà tàbí ibi tó sún mọ́ ọn ló jẹ́ AS, SS náà sì wà. Tó bá jẹ́ ìkókó, ẹ̀jẹ̀ ìgbà oyún ṣì wà lára ẹ̀ tó lè da àyẹ̀wò rú, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ti HIV náà, tí ìyá tó bí i bá ní in, ohun tó ti ara ìyá wá lè wà lára ọmọ títí dé oṣù méjìdínlógún, àyẹ̀wò kíákíá á sì máa sọ pé ó ní in nígbà tí kò ní in, àyẹ̀wò PCR, tó ń wá kòkòrò HIV fúnra ẹ̀, ni kẹ́ ẹ béèrè. Ẹ lè ṣe é ní OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Ṣàgámù. Kì í ṣe kẹ́ ẹ lè kọ ọmọ tó bá jẹ́ SS ni mo ṣe ń sọ ọ́, kẹ́ ẹ lè mọ dókítà tẹ́ ẹ máa wá sílẹ̀ dè é níbi tẹ́ ẹ ń lọ ni. Ẹ gba káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹ̀ náà.

Gbogbo ìwé yìí, kékeré ni lára iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ọmọ gan-an niṣẹ́.

Nílé ọmọ aláìníyàá, gbogbo obìnrin tó ń tọ́jú wọn ni wọ́n ń pè ní Mọ́mì. Mọ́mì àárọ̀, Mọ́mì alẹ́, Mọ́mì tó ń dáná. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta lè sáré wá dì mọ́ yín, kó pè yín ní Mọ́mì, omi á bọ́ lójú yín, ẹ ó ní Ọlọ́run ti dáhùn. Ẹ rọra o. Ó máa dì mọ́ àlejò tó kàn báyìí náà bẹ́ẹ̀. Kò tíì mọ̀ pé ìyá kan wà tí kì í parí iṣẹ́ kó máa lọ sílé. Ìyẹn lẹ máa fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ ọ, pé ẹ̀yin lẹ̀ ń gbé oúnjẹ fún un, ẹ̀yin lẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin lẹ máa wà níbẹ̀ tó bá tají lóru. Fún ìdí yìí, ẹ bá mi dá òwàm̀bẹ̀ dúró ná. Mo mọ̀ wá, àwa Ìjẹ̀bú, ọmọ dé, aṣọ ẹbí dé, máìkì dé, àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì á fẹ́ gbé e kiri láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ẹ jẹ́ kó tó oṣù díẹ̀. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ojú ẹni méjì, ẹ má kó igba ojú lé e lórí.

Kẹ́ ẹ tó mú un kúrò, ẹ bi àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ léèrè ohun kéékèèké: apá ibo ló máa ń fi sùn, orin wo ni wọ́n fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ṣé ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń jẹ́ ta ni. Ẹ tọrọ aṣọ kan tó ń wọ̀ níbẹ̀, ẹ má sì fọ̀ ọ́, òórùn tó mọ̀ ló wà lára ẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ilé náà, ìloro, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń sùn.

Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, ilé á dákẹ́ jù fún un. Ó ti máa ń sùn láàárín ọmọ mẹ́wàá, ẹ wá gbé e sí yàrá kan tó dá wà tẹ́ ẹ fi owó ńlá ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, á máa ké ni, tàbí kó má ké rárá. Èyí tí kò ké ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Ọmọ tó bá dákẹ́, tó ń ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá ní kó ṣe, tí kò béèrè nǹkan kan, àwọn àlejò á máa ní "ọmọ yìí mà gbọ́ràn o", ó lè jẹ́ pé ó ti mọ̀ pé ẹkún kì í pe ẹnikẹ́ni wá ni. Ẹ jẹ́ kó sùn ní yàrá yín. Ìyá kan láti Òde-Rẹ́mọ tó gba ọmọ lọ pè mí pé òun gbé ìrọ̀rí, òun rí búrẹ́dì tó ti gbẹ, egungun adìẹ, àti ìrẹsì tí wọ́n wé sínú tíṣù, ó ní ṣé olè ni? Mo ní rárá, ọmọ mi, kò tíì gbà gbọ́ pé oúnjẹ máa wà lọ́la ni. Mo ní kó gbé abọ́ kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kó máa fi bisikíìtì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i, kí ọmọ máa rí i lójú ara ẹ̀ pé kì í tán. Nígbà tó yá, ó fúnra ẹ̀ gbé abọ́ náà padà sí kíṣìnì.

Oúnjẹ tó mọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa fún un, ẹ̀kọ, ẹ̀wà, ìkọ́kọrẹ́ tẹ́ ẹ bá rí ewùrà rà, ẹ fi píṣà sílẹ̀ ná. Ẹ máa bá a sọ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì máa wá fúnra ẹ̀, kò ní pẹ́ rárá, Yorùbá ló máa lọ tẹ́ ẹ bá dákẹ́, kò sì yẹ kó pàdánù èdè tún mọ́ gbogbo ohun tó ti pàdánù.

Ẹ sọ fún ẹbí nílé, kẹ́ ẹ má fi pamọ́. Àwọn àgbà kan á ní ọmọ tá ò mọ orírun ẹ̀, ṣé ẹ fẹ́ kó wá jogún ilẹ̀ wa ni. Ẹ dá wọn lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé lábẹ́ òfin, ọmọ tí ilé ẹjọ́ ti fi fún yín, bíi kẹ́ ẹ bí i ló rí, lórí ohun ìní yín náà, kẹ́ ẹ sì kọ ìwé ìhágún kí ẹnikẹ́ni má baà lè lé e jáde lọ́jọ́ tẹ́ ò sí mọ́. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọ́n gbà á tọ́ ni, láti kékeré, kó gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kó má gbọ́ ọ lẹ́nu ìbátan kan tó bínú níbi òkú tàbí lọ́jọ́ Ojúde Ọba.

Lórí ìjẹ́-ọmọ-ìlú Amẹ́ríkà, ẹ má fi falẹ̀ o. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2000, tó bẹ̀rẹ̀ ní February 2001, ti jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé 18 tó bá wọlé pẹ̀lú físà IR-3, ìyẹn ti ọmọ tí wọ́n ti parí ìgbàtọ́ ẹ̀ nílé, di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tó wọlé, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ IR-4, ti ọmọ tí ìgbàtọ́ ẹ̀ ò tíì parí, ẹ gbọ́dọ̀ parí ìgbàtọ́ náà ní ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ yín lọ́hùn-ún kó tó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí wọ́n gbà láti ilẹ̀ òkèèrè nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, tí òbí wọn ò ṣe ìwé yìí, tí ọjọ́ orí wọn sì ti kọjá kí òfin yẹn tó dé, ìjọba dá lára wọn padà sí ìlú tí wọn ò mọ ẹnì kankan. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìjẹ́-ọmọ-ìlú náà dání, kẹ́ ẹ sì ṣe fáìlì kan fún ọmọ: ìwé ilé ẹjọ́, ìwé tẹ́ṣọ̀n, orúkọ ilé ọmọ àti orúkọ tó ń jẹ́ níbẹ̀, fọ́tò tẹ́ ẹ yà, aṣọ yẹn. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ lọ́yà yín nílé, torí ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa béèrè ibi tó ti wá, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni.